Ẹ̀gẹ́ Tí Ìyá Àgbà Gbìn Sétí Pápá

Lọ́jọ́ fídáù Ìyá Àgbà, ààfáà tó ṣe wàásù sọ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni, pé láti ìgbà tí òun ti mọ̀ ọ́n, kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Gbogbo wa ṣe "Àmín." Mo gbójú sókè, mo rí Bàbá Kékeré, àbúrò rẹ̀ tí í ṣe olórí ẹbí, tó fọwọ́ bo ẹnu, tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn èèyàn rò pé ẹkún ló ń sun. Ẹ̀rín ni. Ta ló mọ Àlàájà Ràmọ́tà Àṣàkẹ́ ní Egan tó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn tí kò ní rẹ́rìn-ín? Obìnrin yẹn bá adìyẹ jà. Ó bá òjò jà. Ó bá èmi ọmọ ọmọ rẹ̀ jà títí di ọ̀sẹ̀ tó kú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Ó ti rẹ̀ mí láti máa gbọ́ ìtàn obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí mi ò mọ̀ rí. Ká má purọ́, kó tó kú gan-an ló ti ń rẹ̀ mí. Ẹgbẹ́ wa wà nínú líìgì bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin ìhà ibí, èmi ni mo ń wọ nọ́ḿbà mẹ́ta, ẹ̀yìn lápá òsì, mo sì tún ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan n'Ìkòtún láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí mo ṣe jókòó yìí, orúnkún mi ń dùn mí. Ẹ forí jì mí níbi tí ọ̀rọ̀ mi bá ti gùn jù.

Mi ò ní kọ ìtàn ayé rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ ọdún tí wọ́n bí òun. Ó kàn máa ń sọ pé igbó ló wà láti Egan dé Ìgàndó nígbà náà, pé ẹni tó bá ń lọ á kọ́kọ́ dágbére fún ará ilé. Ìyá tó bí ìyá mi ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo dàgbà sí, nínú ilé ẹbí wọn. Àdùkẹ́ ló ń pè mí. Ọjọ́ tó bá pè mí ní Síkírá, mo ti mọ̀ pé mo ti ṣẹ̀ nìyẹn.

Pápá tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù wà lẹ́yìn ilé náà, ilẹ̀ bàbá wọn ni. Ọjọ́ tí àlejò bá wá bá wa gbá, Ìyá Àgbà á gbé àga rọ́bà rẹ̀ àti búútà àlùwàlá, á ká ẹní ìkírun sábẹ́ apá, á lọ jókòó sẹ́bàá ọ̀pá kọ́nà. Kò mọ òfin bọ́ọ̀lù kankan. Ohun tó mọ̀ ni pé ẹni tó bá ṣubú gbọ́dọ̀ dìde kíá. Bí ọ̀kan nínú wa bá ń yí gbirigbiri lórí koríko, ohùn rẹ̀ lẹ máa gbọ́: "Dìde jàre! Ṣé ilé ọkọ ẹ nìyẹn ni?"

Lọ́jọ́ kan, àwọn àlejò fẹ́ gbá kọ́nà, Ìyá Àgbà sì wà lórí ẹní, ó ń kírun Alásàrí. Ẹní náà ti wọ inú ìlà. Rẹfirí fọn fèrè. Kò dá a lóhùn. Rẹfirí tún fọn, òun náà forí kanlẹ̀. Ọmọbìnrin tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù gbé e sábẹ́ apá, ó dúró bí ẹni tó wá kí ìyá ọkọ. Nígbà tó sálámà tán, rẹfirí sún mọ́ ọn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ bá wa sún sẹ́yìn díẹ̀." Ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó rọra ká ẹní rẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run ló kọ́kọ́ dé ibí. Lẹ́yìn Rẹ̀, bàbá mi. Ẹ̀yin lẹ kẹ́yìn."

Ọ̀rọ̀ ọsàn ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti kóòṣì wa. Àǹtí Fúnmi la máa ń pe kóòṣì, ọmọ Èkìtì ni, tíṣà ni, ó sì háyà ilé sí Bárúwà. Bí a bá gbá abala àkọ́kọ́ tán, Ìyá Àgbà á gbé ọsàn tó ti fi abẹ bó láti àárọ̀ jáde, á pín in fún wa. Lẹ́yìn náà á gbé ìyókù, á sọdá sọ́dọ̀ àwọn tó wá bá wa díje. Ó ń ká Àǹtí Fúnmi lára. Nígbà tí àwọn kan mu ọsàn yẹn tán tí wọ́n gbá méjì wọlé, kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Ìyá Àgbà, ẹ̀yin lẹ̀ ń fún wọn lókun, ṣá! Àbí ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i. Ẹ nà wọ́n bẹ́ ẹ bá lè nà wọ́n. Ṣùgbọ́n òùngbẹ ò ní gbẹ ọmọ ọlọ́mọ nílẹ̀ bàbá mi."

Kì í ṣe pé ó fẹ́ bọ́ọ̀lù yìí níbẹ̀rẹ̀ o. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó rí mi nínú ṣòkòtò péńpé, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀. Á dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á ní, "Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó ń fi itan hàn kiri pé oúnjẹ ti jinná." Mo jẹun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ògiri. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, ó wọ mọ́tò lọ sọ́jà Ìkòtún fúnra rẹ̀, ó ra ṣòkòtò dúdú gígùn tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara, méjì, ó jù wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì mi. "Wọ èyí sábẹ́ ẹ̀, kó o máa sáré bó ṣe wù ọ́. Mi ò tọ́ ọmọ tó ń rìn bí ẹni tójú ń tì."

Kì í yin èèyàn. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni mo gbá wọlé láti ìgbà tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́, láti òkèèrè sì ni. Gbogbo Egan pariwo. Mo sáré wọlé lọ́jọ́ náà, mo ń retí kó sọ nǹkan kan, kódà kó kàn kí mi kú iṣẹ́. Ó gbójú sókè lórí ẹ̀wà tó ń ṣà. "Mo gbọ́ ariwo yín. O ti pọnmi?"

Ó yẹ kí n sọ bí líìgì yìí ṣe rí, torí àwọn èèyàn rò pé ìgbádùn ni. Bí a bá ń lọ gbá níta, kí ilẹ̀ tó mọ́ la máa ń pàdé ní ibùdókọ̀ Command, nínú ọ̀rinrin. A ó jókòó sínú bọ́ọ̀sì títí a ó fi dé Òṣogbo tàbí Adó, a ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti kú, wọ́n á nà wá, a ó padà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi náà ni màá dúró sẹ́yìn káńtà, tí àwọn oníbàárà á máa bi mí pé ṣé ara mi ò yá ni. Ìyá Àgbà ló máa ń fi òrí ra ẹsẹ̀ mi. Yóò máa rà á, yóò sì máa bú mi: mo ti gbẹ, ta ló máa fẹ́ mi, ṣé bọ́ọ̀lù á bímọ fún mi ni? Bí mo bá ní kó fi í sílẹ̀ kí n sùn, á tẹ ibẹ̀ le sí i. "Má mira. Mo ní ìpín nínú ẹsẹ̀ yìí."

Ìjà wa tó tóbi jù lọ ni ti ẹ̀gẹ́.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, oṣù bíi mélòó kan kí líìgì tó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọkọ́, ó gbin ẹ̀gẹ́ yí pápá ká: ẹ̀yìn ọ̀pá gọ́ọ̀lù méjèèjì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ òsì. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Kí líìgì tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gẹ́ ti ga dé àyà. Bọ́ọ̀lù á wọ inú rẹ̀, a ó máa wá a kiri. Apá òsì tí mo ti ń sáré, ìlà ẹ̀gẹ́ kan sún mọ́ pápá débi pé bí wọ́n bá tì mí, inú rẹ̀ ni mò ń ṣubú sí. Àǹtí Fúnmi bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní ilẹ̀ bàbá òun ni, kí ni ìṣòro wa?

Lẹ́yìn ọjọ́ tí igi ẹ̀gẹ́ fẹ́ gún mi lójú, mo jí ní kùtùkùtù, mo fa gbogbo ìlà apá òsì tu, mo kó o jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo lọ síbi iṣẹ́. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ṣe é nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ tọ́ ló fa ẹ̀gẹ́ tu.

Nígbà tí mo dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ti ń gé àwọn igi náà ní kúkúrú kúkúrú, ó ń tún wọn gbìn síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Òjò ti fẹ́ dáwọ́ dúró lọ́dún yẹn. Kì í ṣe ìgbà tí èèyàn ń gbin ẹ̀gẹ́. Kò pariwo. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Èmi ni mo wá ń pariwo, mo ní ẹ̀gẹ́ yìí ṣe pàtàkì sí i jù mí lọ. Kò tiẹ̀ nàró. "Fi ẹ̀gẹ́ mi sílẹ̀, Síkírá. Kò ní gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹ."

A ò bá ara wa sọ̀rọ̀ dáadáa fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ṣì ń ra ẹsẹ̀ mi, àmọ́ kò bú mi mọ́. Mo fẹ́ kó bú mi.

Ó ku ìdíje mẹ́ta tí a máa gbá nílé kí líìgì parí, nígbà tí Bàbá Kékeré dé sórí pápá pẹ̀lú ọkùnrin kan tó wọ búbá funfun àti àwọn awọnlẹ̀. À ń ṣe ìdánrawò lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé láti ọdún tó kọjá ni ẹbí ti fẹnu kò láti ta ilẹ̀ náà, pé Ìyá Àgbà nìkan ló ní rárá, tí wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ borí rẹ̀. Mi ò lè pe Bàbá Kékeré ní ìkà. Àwọn ọmọ rẹ̀ àti aya wọn ń há mọ́ ara wọn nínú ilé ẹbí, ó sì fẹ́ kí kálukú rí ibi forí pamọ́ sí kí òun tó kú. Ṣùgbọ́n òfin líìgì ni pé ẹgbẹ́ tí pápá rẹ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìdíje tó parí, wọ́n á yọ ọ́ kúrò pátápátá. Àǹtí Fúnmi jókòó sórí koríko.

Ẹbí wọn ní òfin kan tí bàbá wọn fi lélẹ̀. Bí ẹbí bá fẹ́ ta ilẹ̀, wọ́n lè tà á. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹbí kan bá ní ohun ọ̀gbìn lórí rẹ̀, ará ìta ò gbọdọ̀ gba ilẹ̀ náà títí ohun ọ̀gbìn á fi tó kórè, tí ẹni tó gbìn ín á sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún olórí ẹbí pé òun ti kórè. Mi ò mọ̀ ọ́n nígbà náà. Ìyá Àgbà mọ̀ ọ́n.

Bàbá Kékeré lọ sẹ́yìn ọ̀pá gọ́ọ̀lù, ó fa ẹ̀gẹ́ kan. Ó jáde, ó tóbi tó apá mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, ó ti ta dáadáa. Ẹ bá wa wà á lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́."

"Làmídì, ṣé ibẹ̀ nìkan lojú ẹ mọ ni? Wá sápá ibí."

Ó mú un lọ sí apá òsì, ó ní kó fa èyíkéyìí tó bá wù ú. Bàbá Kékeré fà á. Bí ìka ọwọ́ ló rí.

"Ìgbà wo lẹ gbin èyí?"

"Lẹ́yìn ti tọ̀hún."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ìlà kan ṣoṣo sẹ́yìn?"

Gbogbo ẹgbẹ́ ló mọ ẹni tó fa ẹ̀gẹ́ yẹn tu, wọ́n sì ń wò mí. Ìyá Àgbà náà wò mí. Mo mọ̀ pé ọjọ́ ẹ̀san ti dé.

"Ọwọ́ Àdùkẹ́ wà nínú èyí," ló sọ. "Èmi àti ẹ̀ la jọ ṣe é."

Ọkùnrin tó wọ búbá funfun bi Bàbá Kékeré pé kí nìyẹn túmọ̀ sí. Bàbá Kékeré gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀ nù. "Ó túmọ̀ sí pé a máa dúró." Ìyá Àgbà kò jẹ́ kó lọ lásán. Ó dì í lọ́wọ́ mú lójú gbogbo wa. "Ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù wọn bá parí, a máa wà á, ti ibí ti ọ̀hún, bó ta bí kò ta. Mi ò ní fi ẹ̀gẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹ."

Nígbà tí a wọlé, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún wa láti ọjọ́ yìí, tó jẹ́ kí n máa bá òun jà. Ó ti ń wá ìgò òrí kiri. "Bí mo bá sọ fún yín, ẹ ò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ẹ̀rù lẹ máa máa gbá."

Ó kú ní ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó gbá ìdíje ìkẹyìn. Ó kírun àsùbá, ó ní òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Abẹ́òkúta la wà lọ́jọ́ náà. Wọ́n pe Àǹtí Fúnmi lórí fóònù nígbà tí à ń sinmi láàárín eré, kò sọ fún mi títí a fi gbá a tán. Mo bú u nínú bọ́ọ̀sì láti Abẹ́òkúta dé Ìpájà. Wọ́n ti sin ín kí n tó dé, bí a ṣe máa ń ṣe, a kì í fi òkú mùsùlùmí sílẹ̀. Mo dúró sídìí sàréè pẹ̀lú jẹ́sì lára mi àti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá gbàgbé bó ṣe rẹ̀ mí tó lọ́jọ́ yẹn, kí Ọlọ́run rán mi létí.

Lẹ́yìn fídáù, nígbà tí ààfáà ti lọ, ẹbí jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Bàbá Kékeré ní ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́ ti kú, ọ̀rọ̀ ti parí, kí wọ́n pe katapílà. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan sí ìdíje wa. Bàbá Kékeré gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ lójú mi pé ọwọ́ Àdùkẹ́ wà níbẹ̀. Síkírá, ṣé ohun ọ̀gbìn ẹ ni àbí kì í ṣe tìẹ?"

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí Ìyá Àgbà ṣe lọ́jọ́ náà. Mo rò pé ó kàn bò mí láṣìírí ni. Ó fi mí sídìí ilẹ̀ náà ni.

Mi ò lè gbà á bẹ́ẹ̀. Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, kí n má tàn yín, èmi ni mo fà á tu tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi..."

"Mi ò bi ọ́ ní ìyẹn. Ṣé tìẹ ni?"

"Tèmi ni, Bàbá."

"Ó dáa. A ó dúró dè ọ́."

A gbá ọ̀mì lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ọ̀kan sí ọ̀kan, ìyẹn sì tó láti mú wa dúró nínú líìgì. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń fò sókè. Èmi jókòó sílẹ̀ níbi tí mo wà, mò ń tú okùn bàtà mi. Àǹtí Fúnmi wá lóṣòó tì mí.

"Síkírá, ẹ̀gẹ́ apá òsì yẹn ò tíì tó wà, àbí?"

"Kò tíì tó."

"Bó o bá fi í sílẹ̀... ọdún kan péré. Bí èyí bá ta, o lè tún gbin òmíràn. Wọn ò ní lè ṣe nǹkan kan fún wa."

Òtítọ́ ló sọ. Mo lè di ilẹ̀ yẹn mú títí mo fi máa darúgbó. Àwọn ọmọ tó kù ń wo ẹnu mi, mo sì fẹ́ràn pápá yẹn ju bí wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo rántí bí Ìyá Àgbà ṣe di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú. Oníjà ni, oníwàhálà ni, àmọ́ ohun tó bá ti fẹnu sọ, ó ti sọ ọ́ nìyẹn. Bàbá Kékeré náà ì bá ti pe katapílà. Ó dúró. Mo sọ fún Àǹtí Fúnmi pé mi ò lè ṣe é. Ó dìde, ó kó àwọn bọ́ọ̀lù jọ, ó lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo gbé ọkọ́ lọ síbẹ̀ ní èmi nìkan. Mo ti wa ẹ̀yìn gọ́ọ̀lù kan tán kí gólì wa tó dé, lẹ́yìn náà àwọn mẹ́ta míì. Àǹtí Fúnmi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn, ó bọ́ bàtà, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi, kò kí mi. A kó ẹ̀gẹ́ tó tóbi jọ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Ìlà apá òsì ni mo fi sílẹ̀ gbẹ̀yìn. Èmi nìkan ni mo fà á, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn ò wúlò fún nǹkan kan, mo sì sunkún lórí wọn bí mi ò ṣe sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo yà lọ́dọ̀ Bàbá Kékeré. Ó jókòó síwájú ilé, ó ń fi orín rin eyín. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Bàbá, mo ti kórè."

Ó yọ orín lẹ́nu. "Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, Bàbá."

Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́.